Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ní Àkókò Rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Kristi,

Ẹsẹ kan ṣoṣo ni mo gbé kiri lọ́sẹ̀ yìí, kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa. Òwe 25:11 ni: "Bí èso igi wúrà nínú agbọ̀n fàdákà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a sọ ní àkókò rẹ̀."

Wúrà ni mo máa ń rí níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ẹsẹ yìí wàásù pé kí á máa sọ ọ̀rọ̀ dídùn. Ọ̀sẹ̀ yìí ni ojú mi tó là sí ìparí rẹ̀: "ní àkókò rẹ̀." Bí a bá yọ ìyẹn kúrò, kí ló kù? Ẹ ka orí kan náà dé ẹsẹ 20. Ẹni tó ń kọrin fún ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ dà bí ẹni tó bọ́ aṣọ nígbà òtútù. Orin náà lè dùn o. Àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó.

Ẹ má ṣì mí gbọ́, èmi kò bá ọ̀rọ̀ ìṣírí kúkúrú tí a ń fi ránṣẹ́ síra wa jà. Nígbà tí ebi ń pa Olúwa wa ní aginjù, kò bá adánniwò jiyàn lọ títí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi gbólóhùn kúkúrú dá a lóhùn, inú Deuterónómì sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú rẹ̀ kí ọjọ́ ìdánwò tó dé. Èmi náà, kí n tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀ láràárọ̀, "Ọ̀tun ni ní òròòwúrọ̀" ni mo ń sọ nípa àánú Olúwa. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ ìwé tí ó ti wá: Ẹkún Jeremáyà. Odindi orí méjì ni a fi sunkún lórí ahoro Jerúsálẹ́mù kí gbólóhùn yẹn tó jáde ní orí kẹta.

Àwa ńkọ́? Lọ́sẹ̀ yìí, nílé àwọn kan nínú wa tí inú wọn bàjẹ́, fóònù kan kò dákẹ́. Àwòrán òdòdó, àwòrán oòrùn tó ń yọ, ọ̀rọ̀ aládùn lára gbogbo wọn. "Ọlọ́run kì í gbé ẹrù tó ju agbára ẹni lọ lé ni lórí." Kò sí ibi tí Bíbélì ti sọ bẹ́ẹ̀! Ìdánwò láti dẹ́ṣẹ̀ ni Kọ́ríńtì Kìíní 10:13, tí a máa ń fi gbè é lẹ́sẹ̀, ń sọ. Fóònù kún, àga inú yàrá náà ṣófo. Ilé ẹlòmíràn tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run la fi rọ́pò ẹsẹ̀ wa. A tẹ ẹ́, a fi ránṣẹ́, ọkàn wa balẹ̀ pé a ti ṣe tiwa. Kò dára, ará. Èmi gan-an, ọjọ́ kẹta ni mo tó débẹ̀, mo sì ti tọrọ ìdáríjì.

Ọ̀sán méje, òru méje ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi jókòó tì í nílẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n di ayọnilẹ́nu onítùnú.

Ẹsẹ kan wà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì péré ní èdè wa: "Jésù sọkún." Ó mọ̀ pé Lásárù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú máa tó jáde láti inú ibojì. Síbẹ̀ ó rìn dé Bẹ́tánì, ó sì sọkún.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má tìtorí ìbáwí yìí pa ọ̀rọ̀ ìṣírí tì. Ẹ mú ẹsẹ kan láràárọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, ẹ máa rò ó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Aísáyà 50:4 ní Olúwa fún òun ní ahọ́n láti sọ̀rọ̀ ní àkókò fún aláàárẹ̀, ó sì ní etí òun ni Olúwa ń jí láràárọ̀. Ẹ jẹ́ kó jí etí tiwa náà.

Ẹ̀yin tí mo ń ronú kàn bí mo ti ń kọ èyí, ẹ ò ní láti dá ẹnikẹ́ni lóhùn. A ń bọ̀ wá jókòó tì yín ni.

Ìfilọ̀: Ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí ààyè lè wà fún ìbẹ̀wò. Ìdánrawò akọrin kò yí padà. Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ìwé yín wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tó gbàgbé agboòrùn dúdú, kó wá mú un lọ́fíìsì.