Sí Àjọkẹ́, Tó Fi Ẹ̀bà àti Epo Sílẹ̀

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka ìwé rẹ. Inú mi dùn pé àlàáfíà lo wà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní o ò jẹ ẹ̀bà mọ́, o ò sì fẹ́ fojú kan epo kí o lè tẹ́ẹ́rẹ́, mo dúró díẹ̀. Mi ò ní kí o má dín ara kù o. Ohun tí o ń lé lọ ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀.

Sítáàṣì inú ẹ̀bà ni ara ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ di glúkóòsì, ṣúgà tó ń fún ara lókun. Ọpọlọ rẹ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ lọ, síbẹ̀ bí o bá jókòó jẹ́ẹ́, òun nìkan ń gba nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 okun tí ara ń ná, glúkóòsì ló sì ń jẹ jù. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ̀dọ̀ àti iṣan á tọ́jú díẹ̀. Èyí tó bá pọ̀ jù ló ń di ọ̀rá. Bí òkèlè rẹ ṣe ń tóbi ni kí o bá wí.

Ẹyin àti ẹja tí o gbá mú, ó dáa. Purotéènì inú wọn ni ara ń tú sí amino acid, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tó so pọ̀ di purotéènì, tí yóò tún un tò di iṣan, di ínsúlíìnì tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, di hemoglobin tó ń gbé atẹ́gùn kiri inú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bí glúkóòsì ò bá tó, ẹ̀dọ̀ á kó lára amino acid yẹn, á fi ṣe glúkóòsì. Àjọkẹ́, pákó ìkọ́lé lo fi ń dáná yẹn, bí ẹyin sì ṣe wọ́n tó lásìkò yìí!

Oríṣi amino acid 20 ló wà nídìí purotéènì. Ara àgbà kò lè dá 9 nínú wọn ṣe, àfi ká jẹ wọ́n. Lysine àti methionine wà lára 9 yẹn. Ìrẹsì kò ní lysine tó, ẹ̀wà kò ní methionine tó, ọ̀kan wá ń dí àlàfo èkejì. Bí owó ò bá sí, se méjèèjì, má tijú ẹnikẹ́ni.

Ti epo, ẹ̀rù rẹ nídìí: gíráàmù 1 ọ̀rá ní kálórì 9, ti sítáàṣì àti ti purotéènì jẹ́ 4. Èmi náà ò fẹ́ràn ọbẹ̀ tí epo ń léfòó lójú ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rá wà lára ohun pàtàkì tí a fi ṣe awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì ara. Kòlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, oríṣi ọ̀rá kan, ni ara fi ń ṣe ẹ́sítírójìn, họ́mónù obìnrin tó ń bá wọn darí nǹkan oṣù rẹ. Fítámì A, D, E àti K kì í sì í wọ ara dáadáa láìsí ọ̀rá. Ẹ̀fọ́ tí o ń bọ̀ láìlépo yẹn, púpọ̀ nínú irú fítámì yẹn tó wà nínú rẹ̀ ń bá ìgbọ̀nsẹ̀ lọ ni.

Ó wá ku DNA, àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì, tí a kì í rà lọ́jà. Ọwọ́ èmi àti bàbá rẹ lo ti gbà á. Òun ló ń sọ bí ara yóò ṣe to amino acid. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó yí padà nínú rẹ̀ ló fi amino acid tó ń jẹ́ valine sípò èyí tó ń jẹ́ glutamic acid, tó sọ hemoglobin A di S. AS sì ni ìwọ. Ọmọkùnrin tí o dárúkọ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé rẹ, kí ni jẹ́nótáìpù rẹ̀? Kì í ṣe èyí tó fẹnu sọ o. Èyí tó wà lórí ìwé àyẹ̀wò ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Màmá rẹ