Ọkàn Ènìyàn Láàárín Ẹrù Ọjà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì wa ní Ọjọ́rú tó kọjá, a ka Ìfihàn orí 18, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń pohùnréré ẹkún nítorí Bábílónì tó wó. Jòhánù ka ẹrù wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: wúrà, fàdákà, òkúta iyebíye, péálì, aṣọ àlàárì, títí ó fi kan màlúù, àgùntàn, ẹṣin, kẹ̀kẹ́, ẹrú, àti ọkàn ènìyàn. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa nawọ́ sókè. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, kí ni ọkàn ènìyàn wá ń ṣe láàárín ẹrù ọjà?" Ilẹ̀ ti ṣú, mo sì dá wọn lóhùn ní ṣókí, àmọ́ ìdáhùn náà kò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ọkọ̀ ojú omi kan dá wọn lóhùn lónìí.

Nuestra Señora de Atocha ni orúkọ ọkọ̀ náà. Màríà ìyá Jésù ni wọ́n fi sọrí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń bọlá fún un ní ilé ìjọsìn kan ní Madrid. Ìlú Havana, ní erékùṣù Kúbà, ni wọ́n ti kàn án fún ọba Sípéènì. Lọ́dún 1622, òun ló ń gbẹ́yìn ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó ń kó ọrọ̀ Amẹ́ríkà lọ sílé, àgbá idẹ 20 sì wà nínú rẹ̀ kí ó lè máa gbèjà àwọn yòókù. Nítorí pé ó gbójú, inú rẹ̀ ni wọ́n kó ohun iyebíye sí: dìndì fàdákà 1,038 tí ìwọ̀n wọn tó tọ́ọ̀nù 24, owó ẹyọ fàdákà 180,000 péésò, wúrà 125 ní dìndì àti ní pẹlẹbẹ, dìndì bàbà 582, àpótí ẹ̀lú 350, ìdì tábà 525. Oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi kọ wọ́n sínú ìwé tí wọ́n sì fi tò wọ́n sínú ọkọ̀.

Ìwé yẹn ni mo fẹ́ kí a wò dáadáa. Dìndì fàdákà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Wọ́n lu èdìdì ọba mọ́ ọn lára, kí ó lè hàn pé ọba ti gba ìdá kan nínú márùn-ún tirẹ̀. Wọ́n fín àmì ẹni tó ni ín sí i. Wọ́n bu bíńtín kúrò lára rẹ̀, bí ìgbà tí ehín bá bu àkàrà jẹ, wọ́n fi dán an wò bóyá fàdákà gidi ni, wọ́n wá kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1973, lẹ́yìn ọdún 351, àwọn òmùwẹ̀ gbé dìndì mẹ́ta jáde nínú òkun Florida. Nọ́ńbà 4584 wà lára ọ̀kan. Wọ́n wá a nínú ìwé ẹrù Atocha tó wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ní Seville, ní ilẹ̀ Sípéènì, wọ́n bá a níbẹ̀, nọ́ńbà náà pé, ìwọ̀n rẹ̀ sì pé.

Ọ̀pọ̀ nínú fàdákà yìí wá láti òkè Potosí, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Bòlífíà lónìí, níbi tó ga ju 4,000 mítà lọ. Àwọn ará Sípéènì bẹ̀rẹ̀ sí í wa kùsà níbẹ̀ lọ́dún 1545. Lọ́dún 1573, aṣojú ọba tó ń jẹ́ Francisco de Toledo gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mita: nínú àwọn abúlé ọmọ onílẹ̀, ọkùnrin kan nínú méje gbọ́dọ̀ fi ilé sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ kùsà fún ọdún kan. Wọ́n máa ń tó 13,000 lọ́dún. Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín, wọ́n á kó ìyàwó àti ọmọ dání. Àlùfáà kan tó gbé ayé nígbà náà kọ bí wọ́n ṣe ń jáde nínú ihò sílẹ̀: àtẹ̀gùn tí wọ́n fi awọ ṣe, òkúta tí wọ́n fi aṣọ dì mọ́ ẹ̀yìn, àwọn ènìyàn tò tẹ̀lé ara wọn nínú òkùnkùn, ẹni iwájú sì so àbẹ́là mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀, torí pé ọwọ́ méjèèjì ló fi di àtẹ̀gùn mú.

Àtàǹpàkò yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí mo ti kà á. Ìda àbẹ́là ń kán sí i, kò sì lè tu ú, torí bó bá jáwọ́, òun àti gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e ni yóò já lulẹ̀. Ta ni? Ọmọ ta ni? Ìwé tó mọ dìndì 4584 kò mọ̀ ọ́n. Ọdún 1812 ni ìjọba Sípéènì tó fòfin fagi lé mita.

Kí ni ọba fi fàdákà náà ṣe? Philip Kẹrin jẹ ọba lọ́dún 1621, ọmọ ọdún 15 ni. Ọdún yẹn gan-an ni ogun òun àti àwọn Dutch tún bẹ̀rẹ̀, ogun ń jó ní Jámánì náà, owó tó sì ń ná wá láti ọwọ́ àwọn ayánilówó ìlú Genoa, ní Ítálì. A ti jẹ fàdákà yẹn tán kí ó tó kúrò ní èbúté. Lọ́dún 1627, ọba kò rí gbèsè san mọ́.

Ìkánjú láti rí owó gbèsè yẹn ló kó bá wọn. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ náà ti pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àkókò ìjì líle ti wọlé dé, síbẹ̀ ọkọ̀ 28 gbéra ní Havana ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, 1622. Ìjì bá wọn lójú òkun lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù náà, Atocha forí sọ òkúta abẹ́ omi ní ìwọ̀-oòrùn Key West, erékùṣù kan ní Florida, ó sì rì. Ènìyàn 265 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, márùn-ún ló ṣẹ́kù, wọ́n rọ̀ mọ́ òpó tó yọrí sókè omi: atukọ̀ mẹ́ta, ẹrú méjì. Ọkọ̀ mẹ́jọ ni òkun gbé mì nínú ọ̀wọ́ yẹn.

Ṣé ẹ rí òpó yẹn? Èmi ò lè rò ó kí omijé má bọ́ lójú mi. Ní Havana, ẹlòmíràn ló ni àwọn ẹrú méjì yẹn. Lórí òpó yẹn, èémí kan náà ni gbogbo wọn ń mí.

Ìjì kejì tún jà ní oṣù kẹwàá, ó fọ́n ìyókù ọkọ̀ náà káàkiri, wọn kò sì rí i mọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò jáwọ́. Lọ́dún 1626, Francisco Núñez Melián, tó ń wá Santa Margarita, ọkọ̀ kejì tó rì nítòsí ibẹ̀, ṣe ìlérí òmìnira fún ẹrú tó bá kọ́kọ́ rí fàdákà. Ẹrú kan tó ń jẹ́ Juan Bañón wọ inú omi lọ, ó gbé dìndì kan jáde. Ó gba òmìnira. Inú mi dùn fún un, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọn ọkàn rẹ̀: dìndì kan.

Ní ayé tiwa, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Mel Fisher, fi ọdún 16 wá Atocha. Ní ogúnjọ́ oṣù keje, 1975, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé lóru. Ọmọkùnrin rẹ̀ Dirk kú, ìyàwó Dirk kú, òmùwẹ̀ kan tún kú. Ọdún mẹ́wàá géérégé lẹ́yìn náà, ní ogúnjọ́ oṣù keje, 1985, ni àwọn ènìyàn rẹ̀ kan ibi tí dìndì fàdákà tò jọ gègèrè bí ògiri nísàlẹ̀ òkun. Gbogbo ayé ló gbọ́ nípa ọrọ̀ náà. Èmi ń rò ó pé bàbá kan jókòó síbì kan lọ́jọ́ yẹn tó ń ka déètì.

Ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti rí ṣáájú, ní 1972, ni kò jẹ́ kí n sùn. Wúrà ni wọ́n ń wá. Òmùwẹ̀ aláwọ̀ dúdú kan, ọmọ Panama, na ọwọ́ sísàlẹ̀ omi, ṣẹkẹṣẹkẹ ló gbé jáde. Ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ṣèèṣì kàn: Henrietta Marie, ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kó ẹrú ní etí òkun wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó tà wọ́n ní Jàmáíkà, tó wá rì nígbà tó ń padà lọ sí London lọ́dún 1700. Ṣẹkẹṣẹkẹ tí wọ́n rí níbẹ̀ ju 80 lọ. Àwọn kan kéré débi pé ọrùn-ọwọ́ ọmọdé ni wọ́n wọ̀. Lọ́dún 1993, àwọn òmùwẹ̀ aláwọ̀ dúdú ti Amẹ́ríkà gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ síbẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, wọ́n sì kọ ojú rẹ̀ sí Áfíríkà.

Ìyá mi, ohun tí ọkàn ènìyàn ń ṣe láàárín ẹrù ọjà nìyẹn. Ó wà níbẹ̀ látilẹ̀. Àwọn oníṣòwò kò kà á mọ́ ohun tó ṣeé kọ ni, Ẹ̀mí Mímọ́ ló ní kí Jòhánù kọ ọ́.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú yẹn, nígbà tí gbogbo yín ti lọ, mo ṣí ìwé ìnáwó gbọ̀ngàn tuntun wa. Sìmẹ́ǹtì: iye àpò wà níbẹ̀, ọjọ́ tó dé, ẹni tó gbà á. Irin: a ka ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Páànù, ìṣó, kùn, gbogbo rẹ̀ pé. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé ni mo ti rí i: "Lébìrà mẹ́fà, owó wọn kù." Kò sí orúkọ, kò sí ọjọ́. Láti oṣù tó kọjá ni wọ́n ti ru yanrìn wa tán. Èmi ni mo fọwọ́ sí ojú ewé náà.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo lọ bá ọ̀gá bíríkìlà nílé. Ó dárúkọ wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin jẹ́ obìnrin, ọmọ wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn ní gbogbo ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́. Mo bẹ àwọn ìgbìmọ̀, wọ́n sì gbà, pé kí a má tíì ya gbọ̀ngàn náà sí mímọ́ ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ bí a ṣe kéde rẹ̀. Ọjọ́ Ajé, agogo mẹ́jọ àárọ̀, akápò yóò san owó wọn níwájú ilé ìjọsìn, èmi náà yóò wà níbẹ̀ láti bẹ̀ wọ́n. Ìyá wa tó béèrè ìbéèrè ni yóò bá wa mú ìwé náà lọ́wọ́. A ti fa ìlà mẹ́fà sí ojú ewé tuntun.

Olùṣọ́-àgùntàn yín