Sí Ẹ̀yin Oníbàárà Wa: Ọ̀rọ̀ Okùn Ìwọ̀ Fún Omi Tí Kò Jìn

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú ìnáwó. Láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, nǹkan kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ń béèrè ní ṣọ́ọ̀bù wa: "Ẹ fún mi ní okùn ìwọ̀ tó le jù." À ń tà á fún yín, a sì ń gbowó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró sétí omi tí kò ju orúnkún lọ, okùn líle yẹn gan-an ló ń lé ẹja lọ fún yín.

Ẹ wo bí omi ìsédò Ero tàbí ti Egbe, ní Èkìtì, ṣe máa ń rí lóṣù Kejì. Omi ti fà sẹ́yìn, ó ti tòrò, òkúta ìsàlẹ̀ ń hàn kedere. Bí ẹ bá ń rí òkúta, ẹ mọ̀ pé èpìyà náà ń rí yín, ó ń rí òjìji yín, ó sì ń rí okùn yín. Èpìyà kì í gbé ekòló mì lójijì. Ó máa ń fà á sẹ́nu, kó tọ́ ọ wò, kó sì tu ú jáde kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Okùn tó nípọn kì í jẹ́ kí ekòló mira. Ó máa le gbagidi nínú omi bí ẹni tí wọ́n so mọ́ òpó, ẹja á sì fura. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìwọ̀ kékeré àti òjé tín-ín-rín kò lágbára tó láti fa okùn nínípọn lọ síbi tí ẹ jù ú sí.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbé róòlù okùn, ẹ má wo ìwúwo tí wọ́n ní ó lè gbé nìkan. Sísanra ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Náílọ́ọ̀nù 0.40 mm lè gbé bíi kílò 10. Ti 0.20 mm ń gbé bíi kílò 3. Èpìyà tó ń jẹ̀ létí omi kì í sábà tó kílò 1. Kí lẹ fẹ́ fi kílò 9 tó kù ṣe?

Oríṣi mẹ́ta là ń tà. Náílọ́ọ̀nù ni owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, èrò tèmi sì rèé: òun ló tó ọ̀pọ̀ yín, láti 0.18 dé 0.20. Ó máa ń nà díẹ̀ bí ẹja bá já lọ lójijì, ìyẹn kì í jẹ́ kí ìwọ̀ fa ẹnu rẹ̀ ya. Oòrùn lọ̀tá rẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ sójú gíláàsì mọ́tò. Tó bá pẹ́ níbẹ̀, á gbẹ, á sì máa já lásán.

Okùn híhun, tí ẹ̀yin náà ń pè ní bíréèdì, lágbára gan-an fún títẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀. Kì í nà, ìka yín á mọ̀ ọ́n kíákíá bí ẹja bá fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kì í là á kọjá, ó ń hàn nínú omi tó mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó so bíi mítà 1 fluorocarbon, ìyẹn okùn kẹta tí à ń tà, mọ́ ọn lópin.

Fluorocarbon yìí ni owó rẹ̀ ga jù. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ kọjá nínú rẹ̀ súnmọ́ ti omi: omi jẹ́ 1.33, fluorocarbon jẹ́ 1.42, náílọ́ọ̀nù sì ju 1.5 lọ. Ìdí nìyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn sí ẹja. Ó sì wúwo, ó máa ń rì, nítorí náà kò dáa fún ẹni tó ń lo léfòó, ìyẹn ohun kékeré tó ń léfòó lójú omi láti fi mọ̀ bí ẹja bá ń jẹ. Ẹ má ra odindi róòlù. A máa ń gé e ní mítà mítà.

Bí ẹ bá ń so ìwọ̀ mọ́ okùn, ẹ fi itọ́ rin kókó tí ẹ ta kí ẹ tó fà á le, torí ooru tí kókó gbígbẹ ń mú wá ń sọ okùn di ahẹrẹpẹ. Lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìka ra okùn tó súnmọ́ ìwọ̀. Tó bá ti rí gbágungbàgun, ẹ gé e kúrò. Ẹ má ju èyí tẹ́ ẹ gé sínú omi tàbí sínú koríko, ó ń de ẹyẹ àti ewúrẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ kó o bọ̀ wá fún wa.

Fún àrọ̀, ẹ gbàgbé gbogbo èyí. Irùngbọ̀n àti imú ló fi ń wá oúnjẹ, kò sídìí láti fi okùn pamọ́ lójú rẹ̀. 0.35 tó fún un. Bí òjò bá sì padà dé tí odò Ògbèsè bá pọ́n, 0.30 tó fún èpìyà pàápàá.

Okùn 0.18 ti dé. Ẹ mú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ká okùn dání bí ẹ bá ń bọ̀, a óò ká a sí i fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì tú bíréèkì rẹ̀ díẹ̀, kí okùn lè máa tú jáde bí ẹja bá fà á, kó má baà já. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo ọparun, ẹ wọn gígùn rẹ̀ wá látilé, torí bí ọparun bá ṣe gùn tó ni a ó ṣe gé okùn yín.