Rìsí, Kí O Tó Kó Àwọn Ọmọ Bọ̀

Ìsàlẹ̀ Èkó,
Oṣù Kẹwàá

Rìsíkà ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Bàbá Àìṣá ńkọ́? Láti ìgbà tí o ti ní oṣù Kejìlá lẹ̀ ń bọ̀ ni inú mi ti ń dùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan tí o sọ kò jẹ́ kí n sinmi: o ní ọmọ Èkó ni àwọn ọmọ rẹ, ẹ̀fọn Èkó ò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Màmá fẹ́ lọ ṣe Úmúrà, èmi ni mo sìn wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn Port Health, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń fún arìnrìn-àjò ní abẹ́rẹ́, ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Ṣé o rántí ayé ìjọ́sí, tí èèyàn á kàn sanwó, tí wọ́n á kọ yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, fún un láì gba abẹ́rẹ́? Ọ̀rọ̀ káàdì yẹn náà ni South Africa fi dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà lọ́dún 2012. Láti 2019, orí íntánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti ń forúkọ sílẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń sanwó, káàdì sì ní àmì tí fóònù fi ń mọ ojúlówó. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àgbà tí kò ní ọmọ tó máa bá a tẹ fóònù á jìyà díẹ̀. Màmá gba abẹ́rẹ́ àrùn lọ́rùnlọ́rùn (meningitis) náà, torí Saudi ò gbà kéèyàn wọlé láìsí i, ó sì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 kéèyàn tó débẹ̀.

Níbẹ̀ ni mo ti bi nọ́ọ̀sì kan nípa tiyín. Rìsí, ẹ̀fọn ti jẹ àwa tí a dàgbà níbí títí ara wa fi mọ ibà jà. Àwọn ọmọ tí o bí sí Manchester ò ní irú ara bẹ́ẹ̀. Ìwọ gan-an tí o ti pẹ́ lọ́hùn-ún, tìrẹ ti ń dínkù. Nọ́ọ̀sì náà ní àwọn tó wá kí ilé ni wọ́n sábà máa ń gbé ibà padà sí Ìlú Ọba, torí wọ́n gbà pé ilé àwọn ni.

Má ronú Nivaquine, oògùn ibà àtijọ́ tó máa ń yún wa tí a fi ń fẹ̀yìn ha ògiri Àlhájà. Ibà ti borí ìyẹn, láti 2005 ni ìjọba ti pa á tì. Béèrè Malarone, oògùn tí wọ́n ń lò kí ibà má bàa mú èèyàn. Ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó wọ bàálù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ lò ó lójoojúmọ́, títí di ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò níbí. Bí ọmọ bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n tirẹ̀.

Ṣadé ti bí ìbejì, obìnrin ni méjèèjì! Onílé tún ti fowó kún owó ilé.

Mo ti so nẹ́ẹ̀tì tuntun sí yàrá tí ẹ máa sùn. Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni lẹ́yìn tí ẹ padà, kódà kó ti pé oṣù mélòó kan, ẹ sáré lọ sọ fún dókítà pé ẹ ti dé Èkó.

Jọ̀ọ́, lọ rí àwọn kílíníìkì arìnrìn-àjò kí oṣù yìí tó parí. Mo mọ̀ pé NHS, ètò ìlera ìjọba yín níbẹ̀, kì í sábà fúnni ní oògùn ibà yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì pọ̀. Bí owó bá há, má fi pa mọ́ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní London á fi ránṣẹ́ sí ọ, èmi á sì san án fún ìyàwó rẹ̀ níbí, àjọ mi á bọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti bá a sọ ọ́, ó ti gbà. Iye tó máa jẹ́ nìkan ni kí o sọ fún mi.

Èmi ni,
Sìdí