Ẹ̀sùn lórí géèmù ogun ojú omi yín

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Owó mi ni mo fi ra géèmù yín, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí dípò kí n kàn yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi.

Iṣẹ́ ọpọlọ wà níbẹ̀. Epo ń tán nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ń gbé bàálù gbọ́dọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́ kí bàálù tó gbéra. Bí bọ́ǹbù bá bà á, mo ní láti yàn: ṣé iná ni kí n kọ́kọ́ pa ni, àbí omi tó ń wọlé ni kí n gbọ́n? Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tẹ́ ẹ fi ṣe pàtàkì dùn mọ́ mi gan-an, torí àwa Ìjẹ̀bú mọ ohun tí ọ̀nà omi lè gbé wọlé: ní 1892, orí ọ̀sà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà láti Èkó dé Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn wá bá wa jà ní Ìmágbọ̀n.

Ọ̀tá tí kọ̀ǹpútà ń darí ni ẹ̀sùn mi. Ó ń rí mi níbi tí kò yẹ kó ti rí mi. Mo fi ọkọ̀ mi pamọ́ sínú òjò lóru, mo pa rédíò, kò sí bàálù amí ọ̀tá kankan lókè, síbẹ̀ wọ́n wá bá mi tààrà bí ẹni tí a júwe ilé fún. Èmi ní tèmi, àfi kí n rán amí jáde, kí n sì dúró.

Ti ogun Midway, èyí tí Amẹ́ríkà àti Jàpáànì jà lójú òkun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ló dùn mí jù. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹfà, 1942, ta ló máa kọ́kọ́ rí ẹnì kejì ni gbogbo ogun náà dá lé. Bàálù amí kan tó yẹ kó gbéra láti orí Tone, ọkọ̀ ogun Jàpáànì, pẹ́ tó nǹkan bí ìdajì wákàtí. Nagumo, ọ̀gágun Jàpáànì, kò tètè mọ̀ pé ọkọ̀ agbébàálù Amẹ́ríkà wà nítòsí. Nígbà tó fi máa mọ̀, àyè ti há. Iná sọ lórí mẹ́ta nínú ọkọ̀ agbébàálù Jàpáànì, Akagi, Kaga àti Soryu, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Hiryu, ìkẹrin wọn, nìkan ló ráyè gbẹ̀san lára Yorktown, ọkọ̀ agbébàálù Amẹ́ríkà, wọ́n sì ká òun náà mọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Nínú géèmù yín, bí mo bá jà fún Amẹ́ríkà, Nagumo ti mọ ibi tí mo wà láti àárọ̀ kùtù. Kí ni mo wá fẹ́ fi amí ṣe?

Èkejì: èmi nìkan ni mò ń gbá géèmù yìí, kí ló dé tó fi dandan kí n wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ìlú kún, nẹ́tíwọ̀kì kò gbé nǹkan kan. Jẹnẹrétọ̀ mi ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà kò kú, síbẹ̀ géèmù tì mí jáde, ogun tí mo ti ń jà láti ọ̀sán sì bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀tá máa wá mi bí mo ṣe ń wá a. Ẹ jẹ́ kí n lè fi ogun mi pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà ara mi, láìlo dátà. Bí ẹ kò bá lè ṣe méjèèjì, ẹ dá owó mi padà. Ẹ̀rí ìsanwó àti àwòrán ibi tí ọ̀tá ti ká mi mọ́ nínú òjò wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín,
Oníbàárà yín ní Ìjẹ̀bú-Òde.