Lẹ́tà Ìparí Sáà Kẹta sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ìwé Ìwà Ọmọ àti Ààbò

Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Èsì ìdánwò ọmọ yín wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mọ sí máàkì. Ìwé kejì tó wà nínú rẹ̀ ni ẹ̀dà ohun tí a kọ nípa ọmọ yín sínú ìwé ìwà àti ìjìyà ní sáà yìí, òun gan-an ni mo sì fẹ́ bá yín sọ.

Bí olùkọ́ bá kọ "ìwàkiwà" tó sì fi ọjọ́ sí i, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ṣé ọmọ náà pẹ́ dé ni, àbí ó fi agbára gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ JSS1? Ìdí nìyí tí olùkọ́ fi gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an, ohun tí ọmọ ṣe, ẹni tó rí i, àlàyé tí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣe, ìgbésẹ̀ tí a gbé, àti ìgbà tí òbí gbọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ó kọ ọ́. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì, gbọ́yìí-sọ̀yìí ni í dà.

Nínú gbogbo rẹ̀, aago àti ibi ló wúlò jù. Bí ìjà bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní àkókò ìsinmi, ẹgba kò lè tán an. Olùkọ́ tó bá dúró síbẹ̀ ní àkókò náà ló lè tán an. Bí ọmọ kan bá ń pẹ́ dé ní kìkì ọjọ́ ọjà Òkè-Ajé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù kó tó wá. Ìyá rẹ̀ ni a ó pè, kí a jọ wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ fara balẹ̀ ka iye ìṣẹ̀lẹ̀ tí ilé ìwé bá kọ sílẹ̀. Ilé ìwé ńlá tó bá kọ pé ìjà kankan kò ṣẹlẹ̀ ní odidi sáà, àkọsílẹ̀ rẹ̀ ló yẹ kí ó kọ wá lóminú. Nígbà tí àwọn olùkọ́ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ dáadáa, iye á kọ́kọ́ lọ sókè bí ìwà àwọn ọmọ kò tilẹ̀ yí padà. Ìjà 4 ní kíláàsì ọlọ́mọ 40 jẹ́ 10 fún ọmọ 100. Ìjà 4 ní kíláàsì ọlọ́mọ 80 jẹ́ 5 péré. Bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ tó bá jáde lẹ́ẹ̀mẹfà, ọmọ kan ni, kì í ṣe ọmọ mẹ́fà. Ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò olùdámọ̀ràn ju ìjìyà lọ.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di tirẹ̀ ní 2006, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí àti iyì rẹ̀. Nítorí náà, a kì í ka orúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ níwájú gbogbo ilé ìwé, ojú ìwé ọmọ tiyín nìkan sì ni ẹ lè rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé àwòrán ọmọ ẹlòmíì sórí WhatsApp.

Àmọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò ní í bá yín bò mọ́lẹ̀: ohun ìjà, ẹgbẹ́ òkùnkùn, àti fífi ọwọ́ kan ọmọ ní ibi tí kò tọ́. Mo mọ̀ pé òbí máa ń bẹ̀ wá nítorí orúkọ ọmọ. Bí a bá gbà fún yín, ọmọ tí wọ́n ṣe léṣe ni yóò tún máa bá ẹni tó ṣe é léṣe jókòó ní kíláàsì lọ́la. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá àti àwọn tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ ọmọdé. Bí ewu bá dé ní ojú ẹsẹ̀, 112 ni kí ẹ pè, kí ẹ tó pe ilé ìwé.

Nípa ìpéjọ: ní àsìkò Ojúde Ọba àti Agẹmọ, rẹ́jísítà máa ń kún fún àwọn tí kò wá. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ ṣáájú, kí a lè kọ "ìyọ̀ǹda". Ọmọ tí a kò bá rí, tí a kò sì gbọ́ nípa rẹ̀, a ó tẹ òbí rẹ̀ láago ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́: nọ́ńbà tí kò lọ mọ́, tàbí nọ́ńbà bàbá tó wà ní Èkó. Bí ilé bá rò pé ọmọ wà ní ilé ìwé, tí ilé ìwé sì rò pé ó wà nílé, wákàtí púpọ̀ lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Ẹ kọ nọ́ńbà méjì tó ń lọ sí ẹ̀yìn ìwé kejì yẹn, kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó wà nítòsí. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lè wá mú ọmọ, títí kan ọlọ́kadà tàbí oníkẹ̀kẹ́ tí ẹ bá ṣe àdéhùn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kò ní í fún un lọ́mọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín. Bí ẹ kò bá fara mọ́ ohun tí a kọ nípa ọmọ yín, ẹ kọ àlàyé tiyín sísàlẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ọmọ sì mú un padà ní ọ̀sẹ̀ kìíní sáà tuntun. A ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tiwa nínú ìwé náà.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Àgbà Ilé Ìwé