Lẹ́tà sí Màámi (Bọ́lá ni kó kà á, kó má fo ibì kankan)

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá Tèmi ní kí n kí yín, àwọn ọmọ náà ń kí yín, Dára ní kí n sọ fún Grandma pé eyín òun méjì ti yọ. Bọ́lá, ìwọ tó ò ń kà á, rọra kà á o, mo mọ̀ ẹ́, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kàn ẹ́ lo máa fò. Màámi, mo mọ̀ pé mo lè pè yín lórí WhatsApp, àmọ́ tá a bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù ẹ kì í jẹ́ n parí ẹ̀, ẹ á ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, kí n tó ṣe àmín tán nẹ́tíwọ̀kì á ti já. Ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sunday ẹ ní èmi ni mo kó sí Bọ́lá lórí. Ẹ ní ọkọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọmọ ẹ̀ ò tíì pé ọdún mẹ́ta, kí ló ń wá nídìí kọ̀ǹpútà? Ẹ tún ní èmi fúnra mi, mo jáde ní Poly Ìbàdàn, mo ṣe báńkì, mo wá lọ jókòó ti àwọn ọmọdé ní ẹni ọdún 41 pé mò ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kí ni mo rí níbẹ̀ gan-an? Mo kàn rẹ́rìn-ín ni, mi ò dáhùn. Ìdáhùn ẹ̀ nìyí, ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ rántí pé ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ báńkì ní Dùgbẹ̀ ká tó wá sí Manchester. Nígbà tí mo bí Tèmi mo ní kí n sinmi oṣù díẹ̀, Dára dé, Fẹ́mi tún tẹ̀lé e, kí n tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ ọdún 9 ti lọ. Kì í ṣe pé mi ò ṣe nǹkan kan o, ẹ mọ̀ pé mò ń ṣe care lálẹ́ wíkẹ́ẹ̀ǹdì, mò ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó, mò ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, iṣẹ́ gidi ni, kì í ṣe iṣẹ́ ìtìjú, àmọ́ ẹ̀yìn ti ń dùn mí, tí mo bá tẹ̀ báyìí láti gbé Fẹ́mi mo máa ní láti di ògiri mú kí n tó lè nà. Mo wá ní kí n padà sídìí báńkì. Mo kọ CV, mo fi ránṣẹ́ sí ibi púpọ̀, ibì kan ṣoṣo ló pè mí. Ọmọkùnrin kan tí mo lè bí ló jókòó síwájú mi, ó wo ìwé mi títí, ó wá ní kí ni mò ń ṣe láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyí. Mo ní mò ń tọ́ ọmọ. Ó ní "okay", ó kọ nǹkan sílẹ̀. Màámi, "okay" yẹn, mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì, mo gbé e délé, mo gbé e sùn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ wọn mọ́ títí dòní.

Ìyá kan, ará Ghana, tá a jọ máa ń dúró de àwọn ọmọ lẹ́nu géètì iléèwé, òun ló sọ fún mi nípa Skills Bootcamp, ìyẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ kúkúrú. Ìjọba ló ń sanwó ẹ̀ níbí ní England fún àwọn tó ti pé ọdún 19 sókè, kì í ju ọ̀sẹ̀ 16 lọ, téèyàn bá parí ẹ̀ wọ́n á bá a wá íńtáfíù kan ó kéré tán, ẹni tó ń wáṣẹ́ ò sì ní san kọ́bọ̀. Mo ní tí ò bá gba kọ́bọ̀, kí ni mo fẹ́ pàdánù? Oorun ni mo pàdánù o. Kíláàsì tiwa, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ lórí Zoom, ìgbà táwọn ọmọ ń jẹun tí Bàbá Tèmi ń múra iṣẹ́ alẹ́. Lọ́sàn-án, ẹ gbọ́ ìyẹn, ọmọ tó bá ti pé ọdún mẹ́ta níbí, ìjọba ń fún un ní wákàtí 15 lọ́sẹ̀ ní nọ́ọ̀sìrì lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀sẹ̀ 38 láàárín ọdún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ 30, àyàfi kí ìyá àti bàbá máa ṣiṣẹ́ kówó tó ń wọlé fún oníkálukú sì tó iye kan. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kó lè ríṣẹ́ gidi, owó ẹ̀ ò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Èmi tí mo nílò ẹ̀ jù ni wọ́n ní n dúró ná. Aago mẹ́sàn-án ni mò ń gbé Fẹ́mi síbẹ̀, aago méjìlá ni mò ń lọ gbé e, wákàtí mẹ́ta yẹn ni mo fi kàwé, n kì í fọ abọ́, n kì í gbá ilẹ̀, ilé rí bí ọjà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì báyìí, olùkọ́ ń ṣàlàyé lọ́wọ́, ìyẹn obìnrin kan tó mọ iṣẹ́ dáadáa, ni Fẹ́mi bá ń ké wìì lórí ẹsẹ̀ mi, mo gbàgbé pé mi ò pa máìkì, gbogbo kíláàsì gbọ́ ọ. Ojú tì mí. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Obìnrin yẹn ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, ló bá dá kíláàsì dúró, ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Stephanie Shirley. Màámi, ìtàn yẹn dùn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín. Jámánì ni wọ́n bí i sí, Júù ni bàbá ẹ̀, ní 1939 wọ́n kó o wọ rélùwéè pẹ̀lú àwọn ọmọdé míì wá sí Ìlú Ọba kí Hitler má bàa pa wọ́n, ọmọ ọdún márùn-ún, kò sí ìyá kò sí bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ní 1962 ó fi pọ́n-ùn mẹ́fà péré dá ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ nínú ilé ara ẹ̀, àwọn obìnrin tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ torí ọmọ ló ń gbà, oníkálukú ń ṣe tiẹ̀ látilé. Tó bá kọ lẹ́tà wáṣẹ́ sáwọn ọ̀gá ńlá tó fi Stephanie parí ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn, ọkọ ẹ̀ ló ní kó máa kọ Steve síbẹ̀, bí iṣẹ́ ṣe ń wọlé nìyẹn! Nínú 300 èèyàn tó kọ́kọ́ gbà, ọkùnrin mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Báàlúù Concorde tó ń sáré ju ìró lọ yẹn, àwọn obìnrin yẹn ló ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún black box ẹ̀, ìyẹn àpótí tó ń ṣàkọsílẹ̀ bí báàlúù ṣe ń rìn. Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé tí oníbàárà bá pè é lórí fóònù tí ọmọ ń ké, téèpù kan wà tó ti gba ohùn tàpúráítà sí, á tẹ̀ ẹ́, pà-pà-pà-pà, kí wọ́n lè rò pé ọ́fíìsì ló wà. Tiwa ló sàn, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni. Ọdún 2025 ló kú, ẹni ọdún 91. Látọjọ́ yẹn, tí Fẹ́mi bá ti ké, àwọn ará kíláàsì á ní "Steve ti dé".

Bọ́lá, mo mọ̀ pé o ti fẹ́ fo ibi tó kàn, kà á.

Màámi, ẹ bi mí pé kí ni iṣẹ́ ọ̀hún gan-an. Iṣẹ́ yín ni. Ṣé ẹ rántí ìwé méjì tẹ́ ẹ máa ń tọ́jú sábẹ́ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù yín ní ọjà Gbági, èyí tó ní èèpo pupa àti èyí tó ní èèpo búlúù? Inú pupa lorúkọ àwọn oníbàárà wà pẹ̀lú àdúgbò wọn, inú búlúù lẹ máa ń kọ iye yáàdì tí wọ́n gbà, iye tí wọ́n san àti iye tó kù. Ẹ ti gbàgbé wàhálà ọdún tí Ìyá Sikiru méjì jọ ń rajà? Ẹ gba owó lọ́wọ́ ìkan, ẹ pa á rẹ́ lórúkọ ìkejì, ìjà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà. Látìgbà yẹn lẹ ti ń kọ Ìyá Sikiru Bẹẹrẹ àti Ìyá Sikiru Mọ́kọ́lá, tẹ́ ẹ sì ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọ Ìyá Sikiru lásán sínú ìwé yẹn mọ́. Mo dé kíláàsì, wọ́n ń ṣàlàyé SQL, ìyẹn èdè tá a fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àkójọ dátà, wọ́n ní tẹ́bù kan máa ń ní orúkọ àwọn oníbàárà, tẹ́bù kejì á ní ọjà tí wọ́n rà, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àmì tí ẹlòmíì ò ní, primary key ni wọ́n ń pè é, òun lẹ máa fi so tẹ́bù méjèèjì pọ̀. Àwọn ọmọ ọdún 24 ń họrí. Èmi ń wò ó, mo ní háà, Ìyá Sikiru Bẹẹrẹ lèyí! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pè yín lálẹ́ yẹn, aago ti lọ ni.

Python, èdè míì tá a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Tẹ́ ẹ bá fi àlàfo kan ṣoṣo sí ibi tí ò yẹ, ó ti kọ̀ nìyẹn, á máa kọ nǹkan pupa sí yín lójú. Ó tún ń bẹ̀rẹ̀ ìkà láti òdo, ẹni àkọ́kọ́ lòdo, ẹnì kejì lení. Mo jà á títí kí n tó rántí téèpù tẹ́ ẹ fi ń wọn aṣọ, etí ẹ̀ ṣáà ni òdo, kò sẹ́ni tó ń wọn aṣọ látorí ìǹṣì àkọ́kọ́.

Ọ̀sẹ̀ 16 parí. Màámi, àwọn tó ń pariwo lórí Instagram pé oṣù mẹ́ta lẹ máa fi ríṣẹ́ tech, ìyẹn iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, irọ́ ni, olè ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹnì kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì san £3,000 fún ìkan nínú wọn, fídíò tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí YouTube ni wọ́n tún gbé fún un. Èmi tí mo ṣe ti ìjọba, íńtáfíù tí wọ́n bá mi wá, mi ò yege. Oṣù méje ni mo fi wáṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ibi 63 ni mo kọ̀wé sí, mo ń kà á. Ọjà iṣẹ́ yìí ti há ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ, torí AI, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́ bí èèyàn, ti ń ṣe lára iṣẹ́ kékeré tí wọ́n máa ń fún ẹni tuntun. Nígbà tó yá mo wá yí ọ̀nà padà, mo ń wá àwọn tó ń pe àwọn tó ti sinmi iṣẹ́ padà, returner ni wọ́n ń pè wá, wọ́n á gbà yín fún oṣù bíi mẹ́ta sí mẹ́fà, wọ́n á máa san owó, tó bá dáa wọ́n á dá yín dúró. Ilé iṣẹ́ tó ń ta bàtà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló gbà mí. Wọ́n bi mí níbẹ̀ náà pé kí ni mo ṣe ní ọdún 9. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò sọ pé mò ń tọ́ ọmọ kí n sì dákẹ́, mo ṣí láptọ́ọ̀pù, mo fi iṣẹ́ àṣeyọrí mi hàn wọ́n. Ẹ dárí jì mí Màámi, ìwé pupa àti búlúù yín ni mo fi ṣe é, Bọ́lá ló ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, mo yí orúkọ gbogbo èèyàn padà, mo fi hàn wọ́n iye tí àwọn oníbàárà jẹ yín lọ́dún mẹ́ta, oṣù tí wọ́n máa ń san án dáadáa àti àdúgbò tí gbèsè ti pọ̀ jù. Ọ̀gá yẹn béèrè pé ta ló ń tọ́jú ìwé yìí. Mo ní ìyá mi ni, ó ń ta aṣọ. Ó ní ẹ mọ iṣẹ́. (Mọ́kọ́lá ni gbèsè pọ̀ sí jù o, ẹ ṣọ́ra.)

Lóṣù tó kọjá ni wọ́n fún mi níwèé pé mo ti di òṣìṣẹ́ wọn gan-an. Bàtà tí wọ́n bá dá padà ni mò ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹ̀, kí nìdí tí wọ́n fi dá a padà, ìwọ̀n wo ni kì í bá ẹsẹ̀ mu. Owó ẹ̀ ò tíì pọ̀ tó bẹ́ ẹ ṣe rò, àmọ́ mi ò gbé arúgbó mọ́, ẹ̀yìn mi ti ń san.

Ọ̀rọ̀ Bọ́lá wá kù. Kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ torí pé kò mọ iṣẹ́, Àyànfẹ́ ló bí. Tó bá jókòó ọdún 9 bíi tèmi, "okay" yẹn ń dúró dè é. 3MTT tó fẹ́ ṣe yẹn, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ló dá a sílẹ̀ ní 2023, mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn ni wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́, ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣe 419. Ohun tí ò lọ́fẹ̀ẹ́ ni dátà, iná, àti ẹni tó máa gbé ọmọ. Dátà àti iná, mo ti fi owó ẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kó ra bátìrì tó lè gbé láptọ́ọ̀pù, kó má máa dúró de NEPA. Ẹni tó máa gbé ọmọ ni mi ò lè fi ránṣẹ́ láti Manchester. Ẹ jọ̀ọ́ Màámi, wákàtí mẹ́ta péré láàárọ̀, kó máa gbé Àyànfẹ́ wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù láti Monday, ẹ gbé e jókòó sórí àǹkárá bẹ́ ẹ ṣe gbé èmi jókòó, ẹ fún un ní ègé aṣọ kó máa fi ṣeré. Tó bá tọ̀ sí aṣọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé búlúù lórúkọ mi, màá san án.

Ẹ má tíì sọ fún Ìyá Ìjọ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe o, wọ́n á ní kí n ra kíbọ́ọ̀dù fún kọ́áyà.

Bọ́lá, o kà á tán? O fo ibì kan.

Ọmọ yín,
Ìyá Tèmi